Níbi tí Ilẹ̀ Kì í Ṣú: Bí Kòkòrò Ìbàfò Ṣe Ṣì Lójú Mi Nílẹ̀ Nọ́wè

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Mówe, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, ẹni tí ẹ gbàdúrà fún kó tó wọ bàálù ti padà sílé, ara rẹ̀ sì le. Ó tilẹ̀ sanra díẹ̀. Àwọn tó rí mi lọ́nà ti bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìdáhùn orí ìdúró ni mo fún wọn. Nísinsìnyí tí mo ti jókòó, mo fẹ́ rò ó bó ṣe rí gan-an, àti ibi tí mo ti gbọ́n, àti ibi tí mo ti gọ̀. Ẹni tó bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, ọpẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, Sìkírátù ni orúkọ mi, ọmọ ìyá aránṣọ ní Ìfọ̀. Bayọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Mówe.

Ohun tí mo gbé dání

Àlàájì Ẹlẹ́ja tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìbàfò ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí omi tirẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bu omi díẹ̀ nínú adágún ẹja rẹ̀ kí n lè fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kòkòrò àìfojúrí wà níbi gbogbo. A fi oúnjẹ wọn sínú àwo pẹlẹbẹ, a ta omi náà sí i, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan hù, wọ́n funfun. Àwọn kan hù, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan hù ní igun àwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí inú gúáfà. Mo wò ó títí, oúnjẹ ọ̀sán mi tutù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo fura sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ewé ń fi oòrùn se oúnjẹ. Àwọn kòkòrò kan náà ń lo oòrùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, inú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé ni wọ́n ń gbé, ọ́síjìn ni ọ̀tá wọn. Irú èyí tí mo fura sí yàtọ̀. Ó ń mí bí èmi àti ẹ̀yin, bí a bá dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó tán nìyẹn, oòrùn ìbáà máa ràn. Ó ń jẹun bíi tiwa pẹ̀lú, ohun tí àwọn ẹlòmíràn jẹ kù sínú omi ni oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ní àwọ̀ kan nínú ara tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé tó wà ní Arepo, tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ nílẹ̀ tí wọ́n tún gbé sólà sórí òrùlé. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá yọ, epo tí wọ́n ń jó á dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ṣe ń ṣọ́ oúnjẹ ná.

Ìfura ni o, n kò ní ẹ̀rí. Ẹ̀rọ tí yóò fi àwọ̀ náà hàn kò sí ní àrọ́wọ́tó mi. Olùkọ́ mi ní yunifásítì ló bá mi kọ̀wé sí obìnrin onímọ̀ kan ní Nọ́wè, Ingrid ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní kí n máa bọ̀, kí n gbé e dání. Ó là á yé mi pé bí àwọ̀ náà bá hàn lójú ẹ̀rọ, òun yóò fún mi ní ààyè kan láti fi adágún Ìbàfò ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Bí kò bá hàn, ẹlòmíràn ń dúró de ààyè náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rí mi tí mo di báàgì kékeré kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ẹ má bínú pé n kò jẹ́ kí ẹ bá mi gbé e.

Àlejò kúnlẹ̀, onílé kúnlẹ̀

Ingrid fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rí àgbà, mo kúnlẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, òun náà ti wà lórí orúnkún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri.

Ó ní, "Ṣé yẹtí rẹ ló bọ́ ni?"

Mo ní rárá o, mo ń kí wọn ni. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ẹnikẹ́ni kò kí òun bẹ́ẹ̀ rí, pé kí n máa pe òun ní Ingrid. Mo gbìyànjú. Ahọ́n mi kọ̀. Ẹni tó lè bí ìyá mi, kí n máa pè é lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi? Nígbà tó yá, mo fi "mà" kún un, ó di "Ingrid mà," àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì rò pé apá kan orúkọ ni. Kó tó di pé mo kúrò níbẹ̀, àwọn míì ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìlú náà ni oòrùn. Etíkun ni ìlú wà, òkè yí i ká, yìnyín ṣì wà lórí àwọn òkè náà nígbà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn làwọn wà. Mo jẹun alẹ́ tán, oòrùn wà níbẹ̀. Mo wẹ̀, mo tú ẹrù, oòrùn wà níbẹ̀, bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò dìde. Mo bi Ingrid pé ìgbà wo ló máa wọ̀. Ó ní, "Ní nǹkan bí oṣù tó ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Kò bá mi ṣeré.

Báwo ni èèyàn ṣe máa ki Mọ̀gíríbì níbi tí oòrùn kì í wọ̀? Mo wá mọ́ṣáláṣí kékeré kan rí, wọ́n ní aago Mẹ́kà làwọn ń tẹ̀lé ní irú àkókò yẹn. Bí aago bá ti sọ pé Ìṣáà tó, èmi á fi jílíbáàbù dúdú tí mo fi ń borí bo fèrèsé yàrá, kí ó lè jọ alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rí oorun sùn.

"Ẹ wá jẹun"

Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ní òtútù ti wọ ọkàn wọn. Ẹnu ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yà. Bí o bá wọ bọ́ọ̀sì tí àga méjì-méjì ṣófo, kò sẹ́ni tó máa jókòó tì ọ́. Mo gbọ́ òórùn ara mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé bóyá mo ti gbàgbé nǹkan. Ó wá yé mi pé àpọ́nlé ni: wọ́n ń fún ọ láyè kí o lè jókòó bó ṣe wù ọ́. Wọn kì í da ọ̀rọ̀ bo ẹni tí kò pè wọ́n, wọn kì í sì í dá sí iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Lọ́jọ́ kan, mo se ìrẹsì àti ata díndín, mo gbé e wá sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán. Búrẹ́dì tútù ni olúkúlùkù wọn ń jẹ, wọ́n yí ojú síbi tiwọn. Bí mo ṣe ṣí ike mi, mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi, mo ní, "Ẹ wá jẹun." Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún á ní kó gba ibi ire, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lars, òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀, kò mọ èyí. Ó wò mí, ó wo ìrẹsì, ó lọ mú fọ́ọ̀kì, ó fa àga, ó jókòó síwájú mi.

Mo wo ike mi. Oúnjẹ ẹnì kan ni. Lars jẹ ẹ̀kún fọ́ọ̀kì àkọ́kọ́, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata náà.

Ó ní, "Ó ń dùn mí."

Mo ní, "Ṣé kí n fún yín lómi?"

Ó ní, "Rárá. Jẹ́ kó máa dùn mí." Ó sì jẹ ju ìdajì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń se ti ẹni méjì, òun náà sì máa ń gbé ẹja gbígbẹ tí bàbá rẹ̀ sá wá fún mi, irú èyí tó le bí igi, tí a máa ń fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nílé. Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìlú wọn ló ti ń wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Lars, nítorí ẹni tó bá báni jẹun tó ń sunkún kì í tún ṣe àjèjì mọ́.

Iná tí kì í lọ

Ìsinsìnyí ni mo kan ibi tí mo ti gọ̀.

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Bí wọ́n bá mú iná dé ní Mówe, a kì í jókòó. Ẹni tó máa lọṣọ á sáré lọṣọ, ẹni tó máa fa omi á tan pọ́ǹpù, fóònù gbogbo ará ilé á tò sójú kan, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Ẹni tó bá pa iná nígbà tí iná wà, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ dá.

Wọ́n fún mi ní àpótí onígíláàsì kan fún àwọn kòkòrò mi, gílóòbù wà lókè rẹ̀ tó ń tàn bí oòrùn. Mo tò wọ́n sínú rẹ̀, mo fi owú dí ẹnu ìgò wọn kí wọ́n lè máa mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, iná àpótí náà kú. Ó bọ́ lẹ́nu mi pé, "Wọ́n ti mú un lọ." Ṣùgbọ́n iná yòókù ń tàn. Mo rò pé wáyà ló yẹ̀, mo yí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tàn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kú. Mo wá bọ́tìnì kan rí tí kò ní jẹ́ kó kú mọ́ láé, mo tẹ̀ ẹ́, inú mi sì dùn. Mo ní kí àwọn ọmọ Ìbàfò náà jayé orí wọn. Nílé, lójoojúmọ́ ni oòrùn ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí kì í tán rèé, kí wọ́n gbà á tẹ́rùn.

Wọ́n hù dáadáa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá bù wọ́n sínú oúnjẹ tuntun, àwọn tó máa hù á ṣì ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Wọ́n kúrò ní àwọ̀ inú gúáfà, wọ́n dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n funfun bí ẹ̀kọ. Mo yí oúnjẹ wọn padà. Mo tún omi ṣe. Mo gbé gílóòbù sún mọ́ wọn sí i.

Ingrid pè mí jókòó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu kọfí fún mi. Níbẹ̀, olúkúlùkù ló ń bu tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bu kọfí fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti dé, nítorí náà mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kó tó la ẹnu.

Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ irú tí a rò. Ẹ̀rọ náà máa tó bọ́ sí wa lọ́wọ́, àwọn ẹlòmíràn sì ti wà lẹ́yìn wa. Bí kò bá sí àwọ̀ nínú wọn, kò sí ohun tí màá fi jà fún ààyè rẹ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo rìn lọ sílé nínú oòrùn tí kì í wọ̀ yẹn, mo sunkún lójú títì, àwọn èèyàn sì fún mi láyè kí n sun ún tẹ́rùn.

Òru àtọwọ́dá

Ọ̀sẹ̀ náà ni mo fọ jílíbáàbù mi. Ó pẹ́ kó tó gbẹ, fèrèsé mi sì wà lásán. N kò sùn. Mo kàn ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì, oòrùn tẹjú mọ́ mi. Ìyá mi pè mí lórí fóònù tí a fi ń ríra, kò tilẹ̀ kí mi tán.

Ó ní, "Sìkírà, kí ló dé tí ojú ẹ funfun báyìí? Ṣé ò ń jẹun ṣá?"

Mo ní, "Mò ń jẹun, Màámi. Oorun ni mi ò rí sùn. Ilẹ̀ ò kí ń ṣú níbí."

Ó ní, "Wá aṣọ ta sí fèrèsé, jàre. Ta ló ń sùn lójú ọ̀sán gangan?"

Mo gbé jílíbáàbù náà, ó ti gbẹ. Mo gun àga, mo fi igun kan há òkè fèrèsé, ọwọ́ mi ṣì wà lára aṣọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé sí mi lọ́kàn. Èmi tí mo jẹ́ èèyàn, mo ti fọwọ́ ara mi ṣe òru fún ara mi. Àwọn tí mo gbé wá láti Ìbàfò ńkọ́? Òru wọn dà? Láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú adágún Àlàájì, oòrùn kò kùnà láti wọ̀ lórí wọn rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì mi níbi tí wọ́n ti pọ́n, ilẹ̀ ń ṣú. Èmi ni mo mú òru wọn lọ.

Mo tú aṣọ náà sílẹ̀, mo ká a sábẹ́ apá, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Lars wà níbẹ̀. Mo ní kó wá wo bọ́tìnì tí mo tẹ̀.

Ó ní, "Mo ti rí i tipẹ́. Èmi ni mo ṣètò kí iná yẹn máa kú ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo rí i pé o yí i, mo ní ìwọ ló mọ ìdí. Iṣẹ́ tìrẹ ni."

Ẹ gbọ́ o. Bó bá jẹ́ Mówe ni, gáàdì á bi mí, ẹni tó ń gbálẹ̀ á bi mí, ẹni tó wá ta omi á bi mí pé, "Àǹtí, kí ni iná yìí ń ṣe tó ń tàn lójoojúmọ́?" Àpọ́nlé ni wọ́n fi wò mí níran. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi, Lars sì lọ bu omi wá, ó rò pé ata ni.

Nígbà tí Ingrid dé tí mo rò fún un, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní òun mọ̀ pé irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ wọn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é sílẹ̀ de ọ̀sán. Òun kàn gbà pé iná ń kú ní ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti yé ará Mówe. Ta ló ń da epo sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Àwọ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn, bí wọ́n bá pàdé nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, wọ́n lè jó kòkòrò náà láti inú. Ẹ̀dá tí kò lè ṣe kó má mí gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ kó tó da epo.

A pín wọn sí méjì. A fi ìdajì sílẹ̀ lábẹ́ iná bí mo ṣe ba nǹkan jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé oríire lásán ni. A gbé ìdajì yòókù sọ́tọ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ mo ń fi jílíbáàbù mi wé wọn, ní òwúrọ̀ mo ń ṣí wọn. Ingrid ra aṣọ dúdú kan fún fèrèsé mi. Ó kàn gbé e sórí tábìlì mi, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò lè gbàgbé aṣọ yẹn.

Nígbà tí a tún bù wọ́n sínú oúnjẹ tuntun, àwọn tó ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Lójú ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ náà ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Bí a bá tan iná sí kòkòrò tó ní àwọ̀ yẹn, á dá díẹ̀ padà, ẹ̀rọ á sì gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn tí kò sùn síwájú rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀rọ náà dúdú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ń ka ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì sínú. Wọ́n wá gbé ti àwọn tí mo wé sí i.

Wọ́n yọ. Kí n má parọ́, wọ́n kéré, tínńtín ni olúkúlùkù wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ lọ súà, gbogbo wọn ń tàn.

Mo ní, "Alihamudulilahi."

Lars béèrè pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, mo ní ọpẹ́ ni. Òun náà gbìyànjú láti sọ ọ́. Ingrid kò yí ojú kúrò lára ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tó yí i, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

Ó ní, "Ààyè náà ti di tìrẹ. Wá sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá rí i ló ń sọ orúkọ tí a ó máa fi pè é níbí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi orúkọ ara wọn."

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo gba gègé, mo kọ ÌBÀFÒ sára ìgò náà, gàdàgbà.

Omi Àlàájì

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọjọ́ kejì tí mo dé, kí n tó lọ sí Ìfọ̀ pàápàá, mo lọ kí Àlàájì Ẹlẹ́ja, nítorí adágún rẹ̀ ni mo máa fi ṣe iṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, bó bá gbà fún mi. Ó ń fún àwọn ẹja lóúnjẹ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń gbọ́, ó ń fọ́n oúnjẹ ẹja.

Ó ní, "Orúkọ Ìbàfò ni wọ́n ń pè lọ́hùn-ún báyìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìbàfò yìí náà, táwọn mọ́tò ń sáré kọjá?"

"Òun náà ni, sà."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ariwo ọkọ̀ ń bọ̀ láti ojú òpópónà márosẹ̀, àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ àti àwọn tó ń lọ. Ó wo omi náà bí ẹni tí kò rí i rí, omi aláwọ̀ ewé tó ti ń da oúnjẹ sí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa bù níbẹ̀.

Ó ní, "Máa bù ú. Ṣùgbọ́n kó o tó bù ú, kọ́kọ́ kí àwọn onílé."

Mo wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sétí omi, mo ní, "Ẹ kú ilé o."